Ṣé Ohùn Wọlé? Ẹ̀gbọ́n Sáńdì Dáhùn Lẹ́tà Yín Lórí Yíya Fíìmù Níbi Àríyá Orin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ débi pé mo lè fi ṣe ìrọ̀rí, torí oṣù kẹwàá ti dé tán, gbogbo ẹni tó ní kámẹ́rà l'Ékòó ló sì fẹ́ lọ ya Felabration. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, àríyá ọlọ́sẹ̀ kan gbáko ni, Yeni Kuti ló dá a sílẹ̀ ní 1998, ọdún kan lẹ́yìn tí Fela bàbá ẹ̀ kú, ọjọ́ ìbí bàbá náà, ìyẹn 15 October, ni wọ́n máa ń ṣe é yí ká, New Afrika Shrine ní Agídìngbì, Ìkẹjà, sì ni ojúkò ẹ̀. Èmi, ẹ ti mọ̀ mí, sáńdì, ìyẹn gbígba ohùn, ni mo ń ṣe níbi iṣẹ́ fíìmù, kì í ṣe kámẹ́rà, torí náà ẹ má bínú tí mo bá ń gbè sẹ́yìn etí ju ojú lọ. Ó yá, ká lọ.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Àwọn kan tó fẹ́ ṣe dókúmẹ́ńtárì lórí Felabration pè mí pé kí n wá ṣe P.A. fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ti gbà, àmọ́ ká má purọ́, mi ò mọ ohun tí P.A. ń ṣe. Wọ́n kàn ní kí n wọ dúdú wá. Kí ni kí n gbé dání? — Ọmọ Agége*

Àbúrò mi, o kú oríire. P.A. yẹn, production assistant ni, ọmọ iṣẹ́ tó ń ran gbogbo èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ orúkọ ẹ̀ lójú iṣẹ́ ni "ìwọ, wá ńbí". Wàá gbé tráípọ́ọ̀dù, wàá lọ ra píọ́ wọ́tà, wàá lọ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á ní kó o jókòó ti àpótí lẹ́ǹsì, gbogbo èèyàn á sì gbàgbé pé o wà ńbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Má bínú. Ohun tó wà nínú àpótí yẹn lè ju owó tí wọ́n máa san fún gbogbo yín lọ. Aṣọ dúdú kì í ṣe fáàrí o, iná sitéèjì ló máa ń tàn lára aṣọ funfun, kámẹ́rà tó wà lódìkejì á wá máa rí ẹ bí egúngún tó ṣìnà.

Bàtà ni kó o kọ́kọ́ rò, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, má wọ sílípáàsì wá, nínú èrò yẹn wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ra nǹkan tí wọ́n fi ń dí etí, èyí tó dà bíi fóòmù rírọ̀ kékeré. Mo mọ̀ pé ọmọ ọdún 22 á ní "ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń sọ gan-an?", ṣùgbọ́n àwọn NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ l'Amẹ́ríkà ní ariwo tó bá jẹ́ 85 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ariwo), èèyàn lè wà nínú ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, tó bá ti di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ súpíkà níbi àríyá, 100 kì í ṣe nǹkan tó ṣòro dé rárá, ìwọ á sì wà níbẹ̀ láti alẹ́ títí di ìdájí. Ká ní mo mọ èyí nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni, etí mi òsì kì bá tí máa hó bíi kẹ́tùlù lóru.

October l'Ékòó, òjò ò tíì lọ, kó ọ̀rá ńláńlá bíi mẹ́wàá sápò, wàá rí i pé o máa gba ọpẹ́ nítorí ọ̀rá ju nítorí ohunkóhun lọ. Ohun mìíràn tó ń jẹ́ kójú ti àwa Èkó ni ti A.C. ọkọ̀: kámẹ́rà tó ti ń sùn nínú òtútù láti Lẹ́kí, tí wọ́n bá gbé e bọ́ sínú ooru èrò lójijì, lẹ́ǹsì ẹ̀ á bo funfun bíi jígí ojú ìyá tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n á máa nù ún, á tún máa bò. Kí wọ́n gbé àpò náà sílẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kí wọ́n má tíì ṣí i, kó mọ́ ooru náà lára ná.

Àti jẹun. Jẹun kí aago mẹ́fà tó lù. Ẹni tó bá ní òun á jẹun "tí wọ́n bá sinmi díẹ̀", aago méjì òru ló máa bá a lẹ́nu súyà tútù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ níbi àríyá orin, pé kí n dúró lórí wáyà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, kí n dúró lórí wáyà. Wọ́n ti fa wáyà sáńdì kọjá ojú ọ̀nà tí èrò ń gbà, tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti tán, ọ̀gá mi wo ọ̀tún wo òsì, ó rí mi. "Dúró síbí yìí, fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ." Wákàtí mẹ́rin. Ìyá ẹlẹ́ja díndín kọjá, àwọn ọmọ tó ru kúlà kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan tó ti yó kọjá lẹ́ẹ̀meje ó sì ń kí mi lọ́tun-lọ́tun lẹ́ẹ̀meje. Mi ò rí sitéèjì rárá, ẹ̀yìn mi ló wà. Nígbà tí show parí, ọ̀gá dé, ó ní kí n ká wáyà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ ká a bí okùn ìsáṣọ, hà, ìfọ́tí ló kù díẹ̀. Wáyà sáńdì, ọwọ́ la fi ń ká a, ìká kan síta, ìkejì sínú, ìkan síta, ìkejì sínú, tó o bá jù ú lọ́la á nà gbọọrọ láìsí kókó kankan. Èyí tí wọ́n bá ń fi ìgbọ̀nwọ́ lọ́, inú ẹ̀ á já láìjẹ́ pé ẹnì kankan rí i, á wá máa ha kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ nínú hédfóònù lọ́jọ́ tí gómìnà bá wá. Lọ kọ́ ìyẹn nìkan kí Felabration tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún pè ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

*Ẹ̀gbọ́n wa, fídíò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe n'Íbàdàn, wọ́n wá gbé iṣẹ́ kónsáàtì fún mi. Mo gba ohùn tààrà látinú mísà àwọn onísáńdì, mo ní ìyẹn ló máa mọ́ jù, ìgbà tí mo délé, ó ń ya bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìkòkò. Èwo ni mo ṣì ṣe? — Kámẹ́rámáànù, Mọ́kọ́lá*

Ìwọ nìkan kọ́, ọ̀pọ̀ ló ti bá ẹkún délé nítorí ìyẹn. Ohùn tó ń jáde látinú mísà, ìyẹn ẹ̀rọ tí onísáńdì fi ń po ohùn pọ̀, "láìn" là ń pè é, ohùn tó ti lágbára tán ni, kámẹ́rà ẹ sì ń retí ohùn máìkì, tó kéré sí ìyẹn lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Bí ìgbà tó o gbé ife tíì sábẹ́ ẹ̀rọ táǹkì omi tó o wá ṣí i tán pátá. Wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó o ki wáyà bọ̀ lára kámẹ́rà ẹ, tàbí inú mẹ́nù, bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ MIC àti LINE sí, sún un sí LINE. Tí kámẹ́rà ò bá ní i, nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní pad, wọ́n máa ń ki í bọ àárín wáyà láti fi dín agbára ẹ̀ kù. Lẹ́yìn náà kó o jẹ́ kí ibi tí ohùn ń ga dé jù máa wà ní nǹkan bíi -12 dB lórí mítà, má jẹ́ kó kan òkè, torí orin kẹta máa ń pariwo ju orin kìíní lọ, wọ́n ti mutí díẹ̀ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ká ní o tiẹ̀ ṣe gbogbo ìyẹn, ohùn mísà nìkan á ṣì já ẹ kulẹ̀. Ohun tí èrò ń gbọ́ kọ́ ló wà níbẹ̀. Ìlù ń dún fúnra ẹ̀, trọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ń dún fúnra ẹ̀, onísáńdì ò ní gbé wọn sókè púpọ̀ ní gbọ̀ngàn tí ò tóbi, ohùn akọrin ló máa gbé sókè, o wá délé o bá ohùn èèyàn kan ṣoṣo tó ń kọrin bí ẹni wà nínú balùwẹ̀, ìlù jìnnà réré, èrò ò sí rárá. Afrobeat láìsí èrò tó ń dáhùn, kí ni ìyẹn? Nítorí náà máìkì méjì tìẹ, gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ sitéèjì kọjú sí èrò, o pọ wọ́n mọ́ ti mísà nígbà àtúntò. Gba gbogbo ẹ̀ ní 48 kHz, èyí tí fídíò ń lò, kó o sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kó o lè rí ibi tó o máa so wọ́n pọ̀ sí.

Onísáńdì gbọ̀ngàn náà, lọ kí i lọ́sàn-án. Lọ́sàn-án, nígbà tó ń to wáyà ẹ̀, má lọ bá a lálẹ́ nígbà tí mẹ́nẹ́jà mẹ́ta ń pariwo mọ́ ọn pé ohùn àwọn ò jáde. Mú wáyà tìẹ wá, má yá tiẹ̀. Mú mọ́ọ̀tì tútù kan dání. Bi í léèrè bóyá ó lè fún ẹ ní aux tìẹ lọ́tọ̀, ìyẹn ihò mìíràn lára mísà tí ohùn á máa gbà jáde fún ìwọ nìkan, kó máa lọ bó ṣe ń lọ láìjẹ́ pé ó ń ga ó ń rẹlẹ̀ pẹ̀lú ti gbọ̀ngàn. Ọ̀pọ̀ wọn á ṣe é, iṣẹ́ tí ẹnì kankan kì í dúpẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Mo tún rántí ọ̀kan. Orin Afrobeat gùn. Kì í ṣe orin ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n lè lo ìṣẹ́jú 15 kí akọrin tó la ẹnu, àwọn kámẹ́rà fọ́tò àtijọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé tó bá ti di ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59, wọ́n á dá ara wọn dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí gbogbo yín jọ tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo yín lẹ máa jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà, síbi tí sàsófóònù bá dùn dé. Kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, kí èkejì tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ̀kẹta tún dúró díẹ̀.

*Kí ló ń fa ìlà dúdú tó ń yí lọ yí bọ̀ nínú fídíò mi tí mo bá ya sitéèjì? — Sànyà, Abẹ́òkúta*

Iná ni. Iná Nàìjíríà, 50 Hz ni, tó fi mọ́ ti jẹnẹrétọ̀, jẹ́ kí kámẹ́rà wà ní 25 fps, ìyẹn àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ṣọ́tà sì jẹ́ 1/50, púpọ̀ nínú ẹ̀ á lọ. Ti síkìríìnì LED ńlá ẹ̀yìn sitéèjì ní wàhálà tiẹ̀, ìyẹn kì í gbọ́ 50, wàá wá ibi tí wọ́n kọ synchro tàbí clear scan sí nínú mẹ́nù, o máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìlà náà á fi dúró tàbí kó pòórá. Lọ́sàn-án ni kó o ṣe é, nígbà tí wọ́n ń dán iná wò.

*Ọ̀gá olóòtú, mo kí yín. Ìyá ọlọ́mọ ni mí l'Óṣogbo. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà l'Ékòó, ó ní òun fẹ́ bá wọn ya àríyá orin fún òru méje láàárín àwọn ọkùnrin. Bàbá ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́. Èmi ò mọ èwo ni kí n sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ ọmọlúàbí ni? — Ìyá Àbígbẹ̀yìn*

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o, mà. Ẹ bá mi kí bàbá náà, wọn ò jẹ̀bi. Mi ò ní purọ́ fún yín, níbi àríyá orin, ọtí wà, èéfín wà, àwọn afọwọ́rá wà, bó ṣe wà níbi gbogbo tí èrò bá ti pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ọmọ yín ń lọ ṣe níbẹ̀, kò lọ jó, ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀, ẹni tó bá ní kámẹ́rà léjìká tó sì ní káàdì lọ́rùn, àwọn sẹkiúrítì mọ̀ ọ́n lójú lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi í nìyí mà, kì í ṣe "ṣé àwọn ọkùnrin wà ńbẹ̀". Ẹ bi í pé: ta ni olórí iṣẹ́ náà, ṣé ó ní nọ́ńbà ẹ̀ àti ti ẹlòmíì? Ta ló máa gbé wọn lọ sílé láago mẹ́rin ìdájí? Ìyẹn ni kókó. Iṣẹ́ tó dáa máa ń ní ọkọ̀ tó ń gbé gbogbo wọn, á sì já ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀, tàbí kí wọ́n gba ibi tí wọ́n máa sùn sí nítòsí. Tí prodúsà bá ní "kí kálukú wá ọkadà", ẹ sọ fún ọmọ yín kó jókòó sílé, owó yẹn ò tó nǹkan. Ẹ tún bi í bóyá wọ́n ti kọ iye tí wọ́n máa san sórí ìwé, àti ìgbà tí wọ́n máa san án. Tí wọ́n bá ní àwọn máa san "tí fíìmù bá jáde", mà, fíìmù mìíràn wà tí ò ní jáde títí ọmọ yẹn á fi bímọ.

Kí n fi ti ohun tí mo fojú rí kún un. Àwọn oníjó Afrobeat, yàrá ìwọṣọ wọn ni wọ́n ti ń fi ẹfun tò sójú, tó-tó-tó láti iwájú orí wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí àwọn ìyàwó Fela ṣe máa ń ṣe é láyé ọjọ́sí. Kò sí ọkùnrin tí wọ́n máa jẹ́ kó wọbẹ̀, bó ti wù ó jẹ́ ògbóǹtarìgì tó. Ọmọbìnrin kan tá a jọ ṣiṣẹ́ lọ́dún kan, òun nìkan ló wọlé, ó lo wákàtí kan gbáko níbẹ̀, ó ya bí oníjó àgbà kan ṣe ń fi igi tín-ínrín tẹ ẹfun sójú oníjó kékeré, tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín tí ẹfun náà ń wọ́. Nínú fíìmù ọjọ́ méje, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Àwa ọkùnrin mẹ́fà dúró síta pẹ̀lú lẹ́ǹsì olówó ńlá wa.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa dá ẹjọ́ kan. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ya kónsáàtì. Ó yọ káàdì inú kámẹ́rà tí fídíò wà lórí ẹ̀, ó fún mi, mo fi sápò. Lọ́jọ́ kejì a ò rí i. Ó ní èmi ni, mo ní òun ló yẹ kó kọ nǹkan sí i lára. Ta ló jẹ̀bi? — Òǹkàwé, Ìkòròdú*

Ẹ̀yin méjèèjì. Àti ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín láìfi ẹnì kan síbẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ káàdì nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi ná, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń ṣe bí ẹni mímọ́. Níbi iṣẹ́ kan, lọ́dún kan, káàdì mẹ́ta wà níwájú mi lórí tábìlì, aago mẹ́ta òru, ẹ̀fọn ń jẹ mí lọ́rùn, kámẹ́rámáànù wa sáré wọlé ó ní "káàdì, káàdì, bàbá ti fẹ́ gorí sitéèjì!", mo mú èyí tó wà lápá ọ̀tún, mo fún un, ó ki í bọ kámẹ́rà, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ìyẹn ni pé ó pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Èyí tó wà lápá ọ̀tún yẹn, ọ̀rọ̀ tá a bá ìyá arúgbó kan sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wà nínú ẹ̀, a ò tíì dà á sórí ohunkóhun. Ìyá náà tún jókòó fún wa lọ́jọ́ kẹta, Ọlọ́run bù kún wọn, wọ́n tún sọ gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò rín in mọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú hédfóònù mi, èmi nìkan ló kù tó mọ bó ṣe dún.

Láti ìgbà yẹn, báyìí la ṣe ń ṣe é. Káàdì tó ti kún, a máa yí i dojú bolẹ̀ nínú àpótí ẹ̀, a sì fi tẹ́ẹ̀pù pupa lé e lórí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tẹ́ẹ̀pù pupa àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà jókòó síbi tí èrò ò lè dé, pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù, iná táa so mọ́ bátìrì kí jẹnẹrétọ̀ má bàa kú lé e lọ́wọ́, àti dráfù mẹ́ta, ìyẹn àpótí kékeré tá à ń kó fídíò pa mọ́ sí. Ó da káàdì sórí méjì lálẹ́ yẹn, ó tún dà á sórí ìkẹta, ìyẹn á lọ pẹ̀lú ọkọ̀ mìíràn sílé mìíràn kílẹ̀ tó mọ́. Káàdì ò ní di fífọ̀ àfi tó bá ti ṣí fídíò náà lórí dráfù méjèèjì, tó wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí ẹ̀. Ẹ sì máa ṣírò ẹ̀ ṣáájú: kámẹ́rà tó ń kọ 100 megabit láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan máa gba nǹkan bíi 45 GB ní wákàtí kan, kámẹ́rà mẹ́ta fún wákàtí mẹ́fà ti lé ní 800 GB lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ wá sọ ọ́ di méje. Àwọn kan máa ń gbé dráfù 1 TB kan ṣoṣo wá sí Felabration bí ẹni gbé ike kékeré lọ pọnmi lódò Ògùn, ìyẹn sì ni gbogbo ẹ̀.

Wọ́n ní kí n má máa sọ̀tàn ṣùgbọ́n èyí wọ̀ mí lára. Ní 1969, ọdún kan náà pẹ̀lú Woodstock, àríyá orin ńlá tó lókìkí l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe àríyá orin ọ̀fẹ́ ní Harlem, ní New York, ẹ̀ẹ̀mẹfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Stevie Wonder wà ńbẹ̀, Nina Simone wà ńbẹ̀, Mahalia Jackson wà ńbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Hal Tulchin ya nǹkan bíi wákàtí 40. Wọ́n fi díẹ̀ nínú ẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ṣe fíìmù. Ọ̀pọ̀ nínú téèpù yẹn wà nípamọ́ fún nǹkan bí 50 ọdún kí wọ́n tó fi ṣe fíìmù ní 2021, fíìmù náà sì gba Oscar ní 2022. Ẹ wò ó o, wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹnì kan tọ́jú ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ méjì tẹ́ ẹ ń jà ní Ìkòròdú, ẹ lọ wo àpò ṣòkòtò tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àpò kékeré tó wà nínú àpò ńlá, mo ti bá káàdì méjì níbẹ̀ rí.

*Ẹ̀gbọ́n, London ni mo wà, ní Peckham. Mo ń bọ̀ wálé wá ya ogún ìṣẹ́jú lórí Felabration, mo sì fẹ́ tà á fún tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kan ní kí n ṣọ́ra nítorí orin. Ṣebí èmi ni mo yà á, tèmi kọ́ ni? — Ọmọ Ìkìrun ní Peckham*

Àwòrán lo yà. Orin kì í ṣe tìẹ.

Ẹni tó kọ orin lẹ́tọ̀ọ́ tiẹ̀, ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà lẹ́tọ̀ọ́ tiẹ̀, wọ́n lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Ká ní ọmọ olórin tuntun kan gorí sitéèjì tó kọ orin Fela, tó o sì fi máìkì tìẹ gbà á, rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ni orin Fela wà digbí, torí òfin kọpiráìtì tuntun ti Nàìjíríà, ti 2022, ní ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà títí 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, Fela sì kú ní 1997, ṣírò ẹ̀ wò, ìparí 2067 nìyẹn. Ọmọ tó kọ ọ́ lórí sitéèjì pàápàá, òfin yẹn dá ẹ̀tọ́ òṣèré mọ̀, o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òun náà. Gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo wọn kó o tó wọ bàlúù padà, torí tó o bá ti dé Peckham, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mẹ́nẹ́jà wọn máa sọ fún ẹ pé "a máa pè yín".

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ti orin ẹ̀yìn. O ń bá ìyá alákàrà sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, D.J. ń lu orin Amẹ́ríkà kan lẹ́yìn ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n máa béèrè ìwé àṣẹ orin yẹn náà. Ká tiẹ̀ ní wọn ò béèrè, nígbà tó o bá gé ọ̀rọ̀ ìyá náà kúrú, orin ẹ̀yìn á máa fò, "bẹ́ẹ̀bì, bẹ́ẹ̀, bì", bíi kásẹ́ẹ̀tì tó há. Lọ́sàn-án ni kó o bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, kí súpíkà tó la ẹnu. Ìgbà náà, ìyá alákàrà ń ro ẹ̀wà, àsìkò wà fún un, á sọ ohun tí kò ní sọ lálẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó wá ṣe àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ náà wà ńbẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn àgbà tó wá fún símpósíọ̀mù wà ńbẹ̀. Ilé Fela tó ti di mùsíọ́ọ̀mù ní òpópónà Gbemisola, níbi tí wọ́n sin ín sí, ò jìnnà. Tó bá ṣe tèmi ni, nínú ogún ìṣẹ́jú ẹ, márùn-ún péré ni sitéèjì máa rí gbà.

*Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kékeré: ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣiṣẹ́ níbi show báyìí, ṣé ẹ máa ń gbádùn ẹ̀? — Ọmọ Mushin*

Mi ò tíì rí show kan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú mi wà lára mítà ohùn, etí mi nìkan ló ń lọ síbi àríyá. Àmọ́ etí yẹn máa ń rí nǹkan o. Lọ́dún kan, a so máìkì kékeré mọ́ àyà ọmọbìnrin kan tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, a fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń mí tó bá ń jó. Ó ti gbàgbé pé ó wà lára òun. Wọ́n ti fẹ́ pe ẹgbẹ́ wọn, èrò ń pariwo, mo gbé hédfóònù sétí láti wò bóyá ohùn wọlé, ó ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Màámi, ẹ má sùn o, ẹ fi fóònù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ gbé e sápò, ẹ máa gbọ́." Ó gbé e sápò lóòótọ́. Wọ́n pè wọ́n, wọ́n gun orí sitéèjì, wọ́n lu ìṣẹ́jú 40.

A ò lò ó nínú fíìmù. Ó wà lórí dráfù kẹta, èyí tó wà nílé mìíràn.